Ẹ Má Tíì Sọ Gíà Yẹn Kalẹ̀

Kò sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Ẹmùrẹ́, tí èèyàn máa jókòó sí fún wákàtí kan tí kò ní gbọ́ ọ: bí gíà jíìpù àtijọ́ bá ti ń silíìpù, kí olúwarẹ̀ má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kí ó lọ ra tòkunbọ̀, kí wọ́n sọ ti inú ọkọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbé èyí tó rà sí i, ọ̀rọ̀ parí. Mẹkáníìkì ń sọ ọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ ń sọ ọ́. Ẹni tí kò ní ju ọ̀kadà lọ náà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n gbé sórí jáàkì, á ní kí wọ́n lọ ra Belgium, ìyẹn tòkunbọ̀ ọ̀hún. Wọ́n ti wí i títí ó fi di òfin, débi pé ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ gíà náà wò ni wọ́n ń fojú ahun wò. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, torí pé irọ́ ni. Jíìpù tó yẹ kó ṣì máa rìn ni ìmọ̀ràn yìí ń sọ di ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé.

Kí n má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ wọn bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń rò ó. Jíìpù tí à ń wí yìí, 4Runner tó jáde láàárín 1996 sí 2002, Pathfinder, Land Cruiser àtijọ́, kì í ṣe ọkọ̀ fàájì ní gúúsù Èkìtì. Òun ló ń wọ oko kòkó lẹ́yìn Ìsẹ̀ nígbà òjò, òun ló ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré kò lè tọ̀, òun ló ń gun òkè tí àgbàrá ti hú òkúta jáde lára rẹ̀. Ọjọ́ tó bá sùn sí ṣọ́ọ̀bù, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní títú gíà palẹ̀ láti tún un ṣe máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, nígbà tí pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Wọ́n ní ojúlówó pléètì àti síìlì inú gíà ṣòro rí, ẹni tó bá sì rí i, owó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi gíà. Wọ́n ní mẹkáníìkì tó lè tú gíà ọ̀tómátíìkì kó sì tò ó padà tí nǹkan kan kò ní ṣẹ́kù sílẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n tún ní tòkunbọ̀ ọ̀hún, ojú ọ̀nà tó dán àti ọwọ́ òyìnbó tó mọ ọkọ̀ tọ́jú ló ti wá. Ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, n kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ pátá dúró lórí ohun méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi hàn: pé gíà inú ọkọ̀ ló kú, àti pé èyí tí wọ́n fẹ́ gbé sí i yè.

Ibi tí wọ́n rò pé ẹsẹ̀ wọn ti múlẹ̀ jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọwọ́ òyìnbó tó mọ ọkọ̀ tọ́jú. Irú 4Runner tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 yẹn, 2002 ni Toyota ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé gíà tó bá ti ara rẹ̀ jáde, tí wọ́n tò sílẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ní Èkó, lónìí, èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Síìlì rọ́bà inú rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún. Pléètì rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún. Ta ló wá ń tan ara rẹ̀ pé òun ń ra ohun tó sàn ju ti òun lọ? Kí ló sì gbé e dé ọjà? Òyìnbó kì í tú gíà tó dáa lábẹ́ ọkọ̀ tó ń rìn kó wá fi ránṣẹ́ sí wa. Ọkọ̀ tó forí sọ, ọkọ̀ tí omíyalé bò, ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ti kọ̀ sílẹ̀, inú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti ń tú u. Ó ṣeé ṣe kí ó dáa. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gíà náà gan-an ló sọ ọkọ̀ rẹ̀ di akúrẹtẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tẹ́ẹ̀sì nílẹ̀ẹ́lẹ̀: wọ́n á so bátìrì mọ́ ọn, wọ́n á fún un ní epo, èèyàn á gbọ́ dídún rẹ̀. Gíà ọ̀tómátíìkì kò ṣeé tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀. Odi ni títí wọn yóò fi gbé e sábẹ́ ọkọ̀, tí owó yóò sì ti kúrò lápò. Ohun tí ẹni tó ń tà á mọ̀ nípa rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ẹni tó ń rà á mọ̀ lọ.

Bó bá tiẹ̀ wá dáa, ṣé òun ni? A340F ni gíà tó wà lábẹ́ 4Runner tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn yẹn. A340E wà, A340H náà wà, ẹni tó ń tà á á sì ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. A340E ni ti ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan rìn, kò ní ibi tí wọn yóò de transfer mọ́, ìyẹn àpótí kejì tó ń pín agbára fún táyà iwájú. A340H ni ti irú 4Runner tó ṣáájú 1996, epo gíà ni transfer tirẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ra èyí tí kì í ṣe òun, wọ́n á yọ ìdí eléyìí fi sí tọ̀hún, wọ́n á gé wáyà, wọ́n á so wáyà, ọkọ̀ á jáde, ẹ̀yìn nìkan ni yóò sì máa fi rìn láti ọjọ́ náà lọ. Jíìpù tí táyà iwájú rẹ̀ kò fà mọ́, kí ló fi sàn ju Camry lọ bí kò ṣe gíga?

Ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú jù ni ti ìbéèrè tí wọn kì í bi kí wọ́n tó nawọ́ sí sipánà: ta ló ní gíà ló bàjẹ́? Ọkọ̀ kò gun òkè mọ́, wọ́n ní gíà ti lọ. Ó ń já lójijì nígbà tó bá fẹ́ yí gíà, wọ́n ní gíà ti lọ. Ó ń pẹ́ kó tó mú nígbà tí wọ́n bá sún ọ̀pá sí D, gíà náà ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, nínú gíà A340F, iná ni ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní solenoid fi ń ṣí ọ̀nà epo tí wọ́n sì fi ń dí i, wáyà ló sì so wọ́n mọ́ bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà. Bí wáyà yẹn bá já, tàbí tí pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bá yọ nítorí ẹrẹ̀ àti òkúta ojú ọ̀nà oko, ọkọ̀ tó bá wà ní D yóò máa fi gíà kẹrin gbéra. Ẹ ronú rẹ̀ wò: jíìpù tó gbé ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, tó fẹ́ fi gíà kẹrin gun òkè láti orí ìdúró. Yóò ha gùn ún bí? Àmọ́ tí awakọ̀ bá fa ọ̀pá sí L, gíà kìíní á wọlé, ọkọ̀ á sì fà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé ikùn gíà kò lẹ́ṣẹ̀, pé rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ló yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ pè, kì í ṣe oníjáàkì. Iná O/D OFF tó ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ pé kí wọ́n ka àṣìṣe tó wà nínú bíréènì bọ́ọ̀sì. Mélòó nínú àwọn tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n lọ ra Belgium ló ń kà á?

Àwọn ohun tó kéré ju solenoid lọ pàápàá wà. Okùn irin kan wà tó ti ibi tí a ti ń tẹ iná fún ẹ́ńjìnnì lọ sínú gíà, òun ló ń sọ fún gíà bí ẹrù ṣe wúwo tó. Bó bá dẹ̀ jù, agbára epo inú gíà á lọ sílẹ̀, pléètì á máa yọ̀, yóò sì jóná níkẹyìn. Nọ́ọ̀tì méjì ni àtúnṣe rẹ̀. Fílítà inú abọ́ ìsàlẹ̀ gíà lè dí. Gíà síìtì, rọ́bà tí gíà jókòó lé, lè ya, kí ó máa gbá gbàmù nígbàkigbà tí ọ̀pá bá kúrò ní R sí D, kí gbogbo èèyàn sì pariwo pé gíà ni. Epo rẹ̀ sì lè dín, ohun tó rọrùn jù láti mọ̀, tó sì tún ṣòro jù láti rí ẹni tó ń wò ó bó ṣe yẹ. Kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ tutù tó sì kú ni wọ́n ń yọ gééjì epo gíà Toyota wò. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, gíà gbọ́dọ̀ gbóná, ọ̀pá á ti kọjá gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kó tó padà sí P. Ẹni tó bá wò ó ní tútù, tí ó ní epo kún, irọ́ ni gééjì pa fún un, irọ́ náà ni òun náà yóò pa fún ẹni tó ni ọkọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé pípààrọ̀ gíà tó láìwá ìdí, kí ó wo Pathfinder tó jáde láàárín 2005 sí 2010. Nínú rádíétọ̀ rẹ̀ ni páìpù tó ń tu epo gíà lára wà, omi rádíétọ̀ ló yí i ká. Nígbà tó bá yá, inú yẹn á ya, omi á wọ inú epo gíà, epo pupa á di ohun tó rí bí mílíìkì tí wọ́n fi àwọ̀ osùn kùn. Omi yẹn ló ń yọ gọ́ọ̀mù tó mú pléètì mọ́ra, ni gíà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí ó sì ń yọ̀. Kì í ṣe àhesọ o. Àṣìṣe yìí lókìkí débi pé Nissan fúnra rẹ̀ sún àkókò tó fi ń dúró fún rádíétọ̀ náà ní Amẹ́ríkà dé ọdún mẹ́jọ tàbí 80,000 máìlì. Ẹ wá sọ fún mi: ẹni tí gíà Pathfinder rẹ̀ kú ikú yìí, tó ra tòkunbọ̀, tí mẹkáníìkì sì so ó mọ́ rádíétọ̀ kan náà, kí ló rà? Oṣù mélòó kan ló rà. Omi tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì ń dúró de ìkejì. Tí ìkejì náà bá kú tán, wọ́n á ní Nissan kò dáa, tàbí pé ẹni tó ta gíà fún un ti lù ú ní jìbìtì. Kò sí ẹni tí yóò mẹ́nu kan rádíétọ̀. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí níbi tí omi kò tiẹ̀ ti wọlé: gíà tó bá lọ ara rẹ̀ ti da ẹrúnrún irin sínú páìpù àti rádíétọ̀. Bí wọn kò bá fọ̀ wọ́n, gíà tuntun á gbé ẹrúnrún yẹn mì ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo dé ibi tí mo fẹ́ dúró sí dáadáa, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá ń gbé gíà padà sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn Belgium ka apá yìí sí iṣẹ́ alágbára: kí ọmọṣẹ́ mẹ́ta gbé e, kí ọ̀gá ki bóòtì bọ̀ ọ́. Gíà jíìpù pẹ̀lú transfer rẹ̀ kò jìnnà sí ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì méjì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára ló ń dá a padà. Láàárín gíà àti ẹ́ńjìnnì ni kọnfátọ̀ wà, irin roboto tí epo kún inú rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé gíà sókè, kọnfátọ̀ gbọ́dọ̀ ti jókòó sínú gíà tán, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wọ̀: eyín irin tó gùn jù láàárín, eyín irin tó yí ìyẹn ká, àti ẹnu pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa epo. Èèyàn á máa yí i lọ́wọ́, á máa tì í díẹ̀díẹ̀, á gbọ́ kó dún kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún yí i, títí yóò fi rì sínú ju ẹnu àpótí gíà lọ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ kì í dúró dè. Wọ́n á gbọ́ ìró kejì, wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á gbé gíà sókè. Yóò ṣẹ́ ku àlàfo díẹ̀ láàárín gíà àti ẹ́ńjìnnì. Kí ni wọ́n máa ń ṣe sí àlàfo náà? Bóòtì ni wọ́n fi ń fà á pa dé. Wọ́n á máa dè é, yóò máa sún mọ́ra, inú wọn á máa dùn, bẹ́ẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù gíà ni wọ́n ń fọ́ ní gbogbo ìgbà náà. Tí wọ́n bá sitáàtì ọkọ̀ tí kò sún síwájú, tí kò sún sẹ́yìn, gbólóhùn tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé tòkunbọ̀ tí wọ́n rà kò dáa. Wọ́n á sì ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ padà sí Ládípọ̀.

Ẹni tó ta gíà á ní wọn kò gbé e síbẹ̀ dáadáa. Mẹkáníìkì á ní òkú gíà ni wọ́n tà. Ẹni tó ni ọkọ̀ á dúró láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú àpò òfìfo, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ́rìí fún un, torí pé kò sẹ́ni tó wọn ìjókòó kọnfátọ̀ náà kí wọ́n tó gbé gíà sókè. Bẹ́ẹ̀, ìdánwò tó wà fún un kò náni ní kọ́bọ̀: gíà tó bá jókòó re, ọwọ́ lásán ló ń bá a dé ojú ẹ́ńjìnnì, bóòtì kàn ń dì í mú síbẹ̀ ni. Tí ọwọ́ kò bá lè pa á dé, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ epo náà wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí 4Runner 1996 ń mu kọ́ ni 4Runner 2005 ń mu, èyí tí Toyota ń mu sì kọ́ ni Nissan ń mu. Pé gbogbo wọn pọ́n kò sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Wọ́n á ní kò sáyè fún gbogbo àyẹ̀wò yìí, pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà sóko lọ́la. Kíka àṣìṣe inú bíréènì bọ́ọ̀sì, fífa ọ̀pá sí L, yíyọ gééjì wò ní gbígbóná, títú abọ́ ìsàlẹ̀ wo ẹrúnrún, ṣé ìwọ̀nyí gba ju àárọ̀ kan lọ? Gíà tí wọ́n sọ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n tún sọ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọjọ́ mélòó ni ìyẹn gbà? Àwọn tó ní pípààrọ̀ yá jù, ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Ti owó náà kò yàtọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa léfòó ní oṣù kẹfà 2023 ni owó tòkunbọ̀ ti kúrò ní ohun tí ẹnì kan lè ná ní àṣìná kó sì ní kò burú. Nígbà tí gíà Belgium ṣì wà ní owó pọ́ọ́kú, ìmọ̀ràn yìí jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Lónìí, ìwà ìkà ni sí ẹni tó ń fi owó kòkó tún ọkọ̀ ṣe.

Èyí tó kù ni pé ọwọ́ wa kò gba iṣẹ́ ẹlẹgẹ́, pé mẹkáníìkì ìgbèríko kò lè tú gíà. Ẹ̀gàn ni, ẹ̀gàn tí kò sì mọ ilẹ̀ tó wà. Ìsẹ̀ yìí ni ilé Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá Wembley ní 1924, tó sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum di òní. Ọwọ́ kò wọ́n wa rárá. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó ń san owó fún sùúrù. Ẹni tó ni ọkọ̀ á kó owó ńlá fún oníṣòwò gíà láìjanpata, á wá máa na mẹkáníìkì lówó iṣẹ́ títí yóò fi dín in kù sí ohun tí kò tó jẹun, lẹ́yìn náà á máa retí pé kí ẹni yẹn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kó máa wọn kọnfátọ̀. Kò lè wọ̀n ọ́n. Yóò sáré ni. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, NATA, ń dá owó ìpàdé ní gbogbo ìlú. Jáàkì gíà kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ á máa yá lò, àti sipánà tó ń wọn agbára ìdèbóòtì, yóò gba gíà là ju gbogbo ẹrù tó wà ní Ládípọ̀ lọ.

Nítorí náà, mi ò ní dín in kù: gíà tó wà lábẹ́ jíìpù yín ló yẹ kó wà níbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi fi hàn yín pé ó ti kú. Ẹni tí kò tíì ka àṣìṣe inú bíréènì bọ́ọ̀sì, tí kò yọ gééjì wò ní gbígbóná, tí kò tú abọ́ ìsàlẹ̀ kó fi ẹrúnrún inú rẹ̀ hàn yín lójú yín, kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ gíà kankan kalẹ̀. Bó bá sì ti sọ ọ́ kalẹ̀, tí kò fọ rádíétọ̀ àti páìpù rẹ̀, tí kò pe yín wá wo kọnfátọ̀ nígbà tó ti rì sínú, tó fi bóòtì fa àlàfo pa dé, ẹ má ṣe san owó iṣẹ́ fún un. Gíà yẹn, òun ló pa á.